Mọ́tò Elépo-Oníná àti Ẹnu Mi Tí Kò Ní Bíréèkì

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí eyín mi yóò fi ká tán. Bí mo bá ń fọ aṣọ, mo máa ń rántí rẹ̀. Bí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì tí oníwàásù sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìgbéraga, ilẹ̀ ni mo máa ń wò, torí ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan ti lọ rojọ́ mi fún un.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì wa kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìkẹ́rẹ́ ni, ẹni tó bá sì fẹ́ fi pe èèyàn ní láti lọ dúró sórí àpáta kan lẹ́yìn ilé wa kó tó lè gbọ́ ohùn ẹni tó ń pè. Tíṣà ni mí. Íńtírò-Tẹ́ẹ̀kì, ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ, ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama. Mo lè fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹ́ńjìnnì mọ́tò sójú pátákó láìwo ìwé, ṣùgbọ́n n kò ní mọ́tò. Gbogbo ìwakọ̀ tí mo mọ̀, ara ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí bàbá mi olóògbé fi ń kó kòkó ni mo ti kọ́ ọ. Bàbá mi sì kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan tó dì mú bí òfin Mósè: bí ọ̀nà bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, yọ jíà, fi mọ́tò sí fíríì, jẹ́ kí òkè gbé ọ lọ, epo kì í ṣe omi òjò. Lágbègbè wa nígbà náà, ẹni tó bá ń fi jíà sọ òkè, àpà ni wọ́n ń pè é.

Àìsàn kan wà tó ń ṣe mí nígbà náà tí dókítà kò rí oògùn rẹ̀. N kì í jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀. Bí o bá ti la ẹnu báyìí, mo ti mọ ibi tí ò ń lọ, màá sì ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ. "Mo-mọ̀" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n rò pé n kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀.

Ìbídùn ni orúkọ ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Ilé ìwé kan náà la ti jọ ń kọ́ni, òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán. Ọmọ Ẹmùré ni. Bàbá rẹ̀ ti wa lọ́rì agbégẹdú fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ kí i, ó ń sọ fún mi bí lọ́rì rẹ̀ ṣe rì sínú ẹrẹ̀ nígbà òjò kan àti bó ṣe fà á yọ. Mo já lu ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ṣàlàyé fún un bí táyà ẹ̀yìn ṣe ń yí. Ìgbà kẹta, ó dìde, ó ní òun ń lọ jẹun. Kò padà síta mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó rán Ìbídùn sí mi. Ó ní, "Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì. Mọ́tò tí kò bá ní bíréèkì, mi ì í gbé ẹrù mi sí i."

Ẹrù tó ń wí náà, Ìbídùn ni. Oṣù mẹ́fà ni ọmọ náà fi bẹ bàbá rẹ̀. Níkẹyìn, ó gbà láti rí mi lẹ́ẹ̀kan sí i: ní Sátidé, kí n mú ìyá mi dání, agogo méjìlá ọ̀sán géérégé. Bí mo bá pẹ́, kí n má wulẹ̀ wọlé. Bí mo bá sì já lu ọ̀rọ̀ òun ẹyọ ẹ̀ẹ̀kan, kí n gbé ìyá mi kí n máa lọ. Ìbídùn wò mí lójú nígbà tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí Bàbá sọ̀rọ̀ wọn tán o. N kò lè bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì." Mo ní, "Mo mọ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bùrọ̀dá Wálé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti Amẹ́ríkà dé, mọ́tò tó fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ dé. Mọ́tò náà funfun bíi lékeléke, ó sì rí roboto. Bùrọ̀dá Wálé fẹ́ fi ọjọ́ mélòó kan lọ sí Ìbàdàn, kò sì fẹ́ kí ihò ojú ọ̀nà bá òun ba nǹkan jẹ́. Ó ní kí n máa lò ó, kí n fi gbé Màmá lọ sí Ẹmùré. Ó wá jókòó tì mí nínú rẹ̀ láti ṣàlàyé.

"Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀," ó ní. "Ọ̀kan ń jẹ epo, ọ̀kan ń lo iná. Bó bá ń rọra lọ nígboro, iná nìkan ló ń gbé e, o ò ní gbọ́ ariwo kankan. Bó bá di eré tàbí tó ń gun òkè, elépo á jí, àwọn méjèèjì á jọ gbé e. Bí o bá dúró, elépo á tún sùn. Bí o bá ń sọ òkè tàbí tí o tẹ bíréèkì, táyà fúnra rẹ̀ ni yóò máa yí ẹ̀rọ iná, iná á sì máa padà sínú bátìrì. Ìwọ kọ́ ló máa yí i láti orí ọ̀kan sí èkejì, òun fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ."

Mo bi í pé níbo la ti máa ń ki wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri. Ó ní a kì í kì í bọ ibì kankan, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iná rẹ̀. Ẹ rántí pé Ìkẹ́rẹ́ la wà, níbi tí iná mànàmáná ti máa ń wá kí wa bí àlejò tí kò ní jókòó. Mọ́tò tó ń ṣe iná fúnra rẹ̀? Orí mi wú. N kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Bùrọ̀dá Wálé ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó gbé ìka sókè, ó ní, "Ohun kan ṣoṣo tí o kò gbọdọ̀ ṣe ni pé..."

"Bùrọ̀dá, mo mọ̀," mo ní. "Íńtírò-Tẹ́ẹ̀kì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ."

Ó mi orí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Ní Sátidé, agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni a jáde. Ogún iṣu wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì dí bámúbámú. Ìyá mi wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ìkórè, ó jókòó sí iwájú, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń dúró. Mo tẹ bọ́tìnnì. Iná kékeré aláwọ̀ ewé tàn.

"Ùwọ ọmọ yìí, tan mọ́tò, ká máa lọ," ó ní.

"Ó ti tàn, Màmá."

"Ó ti tàn lí ibo? Mi ì gbọ́ kinní kan."

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wẹ́rẹ́, láìdún. Ìyá mi di ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kẹtàlélógún. Nígbà tó dé àfonífojì òjìji ikú, a ò tíì kúrò ládùúgbò wa.

Wàhálà tó kọ́kọ́ bá mi kò pẹ́ dé. Lójú ọ̀nà tó jáde sí Ìsẹ̀, ìyá àgbà kan sá láfún sí etí títì, ó kọ̀yìn sí wa, ó ń fi ọwọ́ kó o sínú atẹ. Lọ́rì kan ń bọ̀ lápá kejì, mo sì ní láti rọra gba ẹ̀gbẹ́ ìyá náà kọjá. Ó yẹ kí n fọn fèrè, ṣùgbọ́n mo rò pé ìwà àrífín ni kéèyàn máa fọn fèrè mọ́ àgbà lẹ́yìn. Mọ́tò tí kò dún sì rọra ń sún mọ́ ọn. Nígbà tí ìyá náà yí ojú padà, iwájú ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí rẹ̀. Kò pariwo rárá. Atẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kàn dà lù wá, gbogbo rẹ̀ pátá.

Iwájú wa di funfun. Mo bá tẹ omi tó ń fọ gíláàsì, mo sì tan wáípà. Ẹni tó bá ti ro láfún rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wáípà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń ro ó, ó ń ki sí i. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ láti lọ bẹ̀bẹ̀. Ìyá àgbà náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìn mọ́tò ló lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó padà wá, ó ní, "Ẹni tó ń tì í ńkọ́?"

Ó tó ogún ìṣẹ́jú ká tó fi kànìnkànìn àti omi inú ìkòkò rẹ̀ fọ gíláàsì yẹn mọ́. Ìyá náà ló ràn wá lọ́wọ́. Ó ní òun dárí jì mí nítorí ìyá mi, pé ìyá mi jọ ọmọ gidi.

Nígbà tí a jáde sí ojú ọ̀nà gbalasa, tí àpáta Olósùnta ti wà lẹ́yìn wa, ọkàn mi balẹ̀. Elépo jí, ó ń kùn jẹ́jẹ́, ó dáhùn bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Gíláàsì kékeré kan wà láàárín ọkọ̀ tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n, ó ń ṣàfihàn bí agbára ṣe ń ti ibì kan lọ sí ibòmíràn: ọfà ń sáré láti ẹ̀rọ lọ sí táyà, láti táyà lọ sí bátìrì, láti bátìrì padà sí táyà. Ìyá mi wò ó títí, ó ní àwọn kinní yẹn ń rìn bíi ìjàlọ, wọ́n ń mú kí òòyì kọ́ òun. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò ó. N kò bá a jiyàn. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ilé epo kan wà lójú ọ̀nà tí epo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan nígbà yẹn, torí epo wọ́n. Ọkọ̀ bíi mẹ́wàá péré ló tò síbẹ̀. Ìyá mi ní, "Ṣé epo kún inú rẹ̀?" Mo wo ojú epo, ó ku tíńtín. Mo ní, "Màmá, mo mọ̀. Eléyìí ní iná tirẹ̀. Bí epo bá tán, iná á gbà á." A kọjá lára àwọn tó ń tò. Mo tilẹ̀ juwọ́ sí wọn, Ọlọ́run dárí jì mí.

Gbogbo ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀, fíríì. Bí mo bá fi í sílẹ̀ sínú jíà, ó máa ń ṣe bíi pé ẹnìkan ń fà á sẹ́yìn díẹ̀, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Èyí bí mi nínú. Mo yọ ọ́ sí fíríì, ó sáré lọ ní gbẹndẹ́kẹ, mo sì ń rò ó pé bí bàbá mi bá wà láyé, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé fífà tó ń fà sẹ́yìn yẹn gan-an ni mọ́tò fi ń bu iná padà sínú bátìrì. Àbí kí n sọ òótọ́: ẹnìkan fẹ́ sọ ọ́ fún mi.

Kí a tó wọ Ìsẹ̀, wọ́n ń tún afárá kékeré kan ṣe. Ọkùnrin kan na àsíá pupa, a sì dúró. Bàbá mi kò jẹ́ kéèyàn dúró sórí jíà rí, nítorí náà fíríì ni. Oòrùn mú, aṣọ ìkórè Màmá nípọn, mo sì tan eésì dé òpin. Ó ń fẹ́ wa bíi pé inú kànga la wà. Ogójì ìṣẹ́jú la fi wà níbẹ̀, tí a ń gbádùn. Ní fíríì, mọ́tò yẹn kò lè fi iná kankan kún iná rẹ̀, ó sì ń fún eésì ní gbogbo èyí tó ní. Bóyá gíláàsì kékeré ń kìlọ̀ fún mi nígbà yẹn, n kò mọ̀. Ìborùn ìyá mi ló ń wo ìkìlọ̀ náà.

A kọjá Ìsẹ̀ nígbà tí agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí a ṣe ń lọ sí Ẹmùré, elépo húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Mọ́tò kò dúró. Ó ń lọ.

"Ẹ rí i bí, Màmá?" mo ní. "Epo ti tán, iná ti gbà á. Mo sọ fún yín."

Ìyá mi mi orí, ó fẹ́ gbà fún mi. Bóyá a lọ bí ìrìn láti ilé wa sí ṣọ́ọ̀ṣì, agbára mọ́tò wá ń dín kù, ó ń fà, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì dúró pátápátá lábẹ́ òkè kan. Eésì dákẹ́. A wá ń gbọ́ ohùn àwọn ẹyẹ.

Ìyá mi na ọwọ́ sí ibi tí eésì ti ń fẹ́. Ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Wọ́n ti mú uná lọ?"

Agogo mọ́kànlá ààbọ̀ ni. Ìtìjú kọ́kọ́ mú mi, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá dé. Mo rí ojú Ìbídùn níwájú mi bó ṣe ní òun kò lè bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ilé bàbá rẹ̀ kò jìnnà mọ́, òun ni ilé kìíní tí èèyàn máa ń kàn lẹ́yìn òkè yẹn gan-an, àmọ́ òkè wà láàárín wa.

Àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin kan ń bọ̀ láti oko, ọ̀kan nínú wọn ń ti kẹ̀kẹ́. Wọ́n kí ìyá mi, wọ́n wo mọ́tò náà yíká, èyí tó dàgbà jù nínú wọn sì ní kí n wọlé, kí n fi í sí sẹ́kọ́ńdì, kí wọ́n tì í.

Mo ní, "Kò ní sẹ́kọ́ńdì, sà."

"Kò ní sẹ́kọ́ńdì? Ibo wá ló ń gbà ti fáàsì dé tọ́ọ̀dù?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́jọ́ náà tí n kò mọ̀. A pinnu pé kí wọ́n ṣáà tì í gun òkè, kó lè sọ̀ kalẹ̀ wọ Ẹmùré fúnra rẹ̀. Kó lè fúyẹ́, ìyá mi bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì kó iṣu sí etí títì. Wọ́n tì í, wọ́n ń kọrin. Èmi wà nídìí ìdarí ọkọ̀ bí ọba. Nígbà tí iwájú rẹ̀ yọ lórí òkè, mo fẹ́ tẹ bíréèkì kí ìyá mi lè wọlé. Bíréèkì náà le bí àpáta. Mọ́tò tí kò ní agbára kì í ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, mi ò sì rò ó. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó rọ díẹ̀, kò dúró. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn tó ń pe orúkọ mi ní kíkún, èyí tí kì í ṣe bí kò bá sí ìjàngbọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ Ẹmùré láti lọ tọrọ ìyàwó: láìní ẹ́ńjìnnì, láìní ìyá, láìní iṣu, lórí fíríì. Fèrè nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́, mo sì ń fọn ọ́n láìdáwọ́ dúró. Adìyẹ ń fò. Mo rí ilé bàbá Ìbídùn lápá òsì, mo rí òkìtì yanrìn tí wọ́n kó síwájú rẹ̀, mo sì fi gbogbo agbára mi yí ìdarí ọkọ̀ sí ọ̀dọ̀ yanrìn náà. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Mọ́tò wọ inú rẹ̀ dé ibi iná iwájú, ó sì dúró ní pẹ̀lẹ́.

Bàbá wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí agogo méjìlá lù. Ó dìde, ó rọra wá sídìí mọ́tò náà, ó fi etí lé iwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ àyà ọmọ.

"Mo gbọ́ fèrè," ó ní. "Mi ì gbọ́ ẹ́ńjìnnì."

Mo bọ́ sílẹ̀. "Bàbá, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé..." Nígbà náà ni mo rí Ìbídùn lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú yanrìn, mo ní, "Ẹ káàsán, sà," mo sì dákẹ́ síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìyá mi fi dé lórí kẹ̀kẹ́ àgbẹ̀, ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ọmọge, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú iṣu lórí. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n fún un lómi. Ó mu ún tán, ó sì rojọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: láfún, ìborùn, ilé epo, ọwọ́ tí mo jù sí àwọn tó ń tò. Ní ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì fi eyín di ahọ́n mú.

Bàbá ní kí n sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wí nípa mọ́tò náà. Mo sọ ọ́. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Nígbà tí ùwọ ń sọ òkè, inú jíà wo ló wà?"

"Fíríì, sà."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá mi, sà."

"Bàbá rẹ kò ṣe burúkú. Kòkó díẹ̀ ló ń kó. Gẹdú ni èmi gbé. Ẹni tó bá gbé gẹdú, tó fi fíríì sọ òkè, isà ló ń lọ. Jíà ló ń di mọ́tò mú lẹ́yìn. Tìrẹ yìí, nígbà tó bá ń dì í mú ló ń rí uná gbà. Òkè fẹ́ bu uná fún ọ, o gbé igbá pa mọ́ sẹ́yìn. O tún wá sọ fún mọ́tò pé kó máa lo uná tí kò rí gbà."

Mo ń wò ó. Ọkùnrin tí kò rí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ rí ti tú u palẹ̀ lórí ìjókòó kan, èmi tí mo ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí òjò pa. Ìgbà yẹn ni Bàbá wá yí ohùn padà. Ó ní ṣùgbọ́n ìyẹn kéré nínú rẹ̀ o, pé oòrùn gan-an ló ń gbé mọ́tò náà. Ó ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kùn ún ní funfun, kí oòrùn lè ráyè wọlé. Ó ní bó bá di alẹ́, òṣùpá ló máa ń lò, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dún. Ó ní èéfín tó ń jáde ní ìdí rẹ̀, bó bá ti tutù tán, epo ló máa ń dà, tí yóò sì padà sínú táǹkì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jìyà. Ahọ́n mi ń yún mí. Gbogbo Íńtírò-Tẹ́ẹ̀kì tó wà nínú mi dìde, ó ń kan ilẹ̀kùn eyín mi. Bàbá ń ṣàlàyé òṣùpá lọ ní tirẹ̀, ó tó wákàtí kan. Ó wá kọjú sí mi lójijì. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tíṣà?"

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni mo pa. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo já lu ọ̀rọ̀. Mo wo Ìbídùn, ilẹ̀ ni ó ń wò.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò tíì parí ọ̀rọ̀ yín, sà. Mò ń gbọ́."

Bàbá wo ìyá mi, ó tún wò mí, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó rín in títí ó fi bọ́ aago kúrò lọ́wọ́ kó má baà já.

"Òṣùpá," ó ní. "Òṣùpá wo ni í gbé mọ́tò? Láti ìgbà tí o ti jókòó ni mo ti ń wá ibi tí o máa já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo sọ ti oòrùn, o ò ṣubú. Mo sọ ti òṣùpá, o ò ṣubú. Nígbà tí mo sọ pé èéfín ń di epo, mo rò pé ó parí fún ọ." Ó yí sí ìyá mi. "Yèyé, bíréèkì ọmọ yín ti mú. Ẹ lọ mú àwọn ẹbí yín wá."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Ìbídùn sá wọlé, a sì gbọ́ tí ìkòkò kan fọ́ nínú ilé ìdáná. Èmi kò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo bá tún dọ̀bálẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn àgbẹ̀ bá wa yọ mọ́tò nínú yanrìn, Bàbá sì da kẹ́ẹ̀gì epo kan sínú rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, elépo húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì jí. Bàbá ní àfi kí òun jókòó síwájú, ká gun òkè yẹn ká tún sọ ọ́. Òun ló ká ìborùn kúrò lójú gíláàsì kékeré. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ mi lọ sídìí jíà fúnra rẹ̀, Bàbá sì gbá a. Mo fi í sílẹ̀ sínú jíà. Ọfà yí padà, láti táyà lọ sí bátìrì, àwọn ìlà kékeré tó wà nínú àwòrán bátìrì sì ń pọ̀ sí i lójú wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá ń fi ìka kà wọ́n.

Nígbà tí Bùrọ̀dá Wálé dé láti Ìbàdàn, mo bi í pé kí ni ohun kan ṣoṣo tí n kò gbọdọ̀ ṣe. Ó ní, "Kí o má fi í pẹ́ ní fíríì. Kí ló dé?" Mo ní kò sí nǹkan. Ó wo yanrìn tó kù nídìí iná iwájú, ó wo láfún tó gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ wáípà, kò sì bi mí mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò pọ̀: bí ẹnìkan bá gbé ìka sókè tó ní "ohun kan ṣoṣo tí o kò gbọdọ̀ ṣe," jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ìyókù ìgbéraga rẹ lè dúró. Bàbá Ìbídùn ti dolóògbé báyìí. Títí ó fi lọ, bó bá ti rí mi, á béèrè bí òṣùpá ṣe ń ṣe. Ìbídùn ti ka ìwé yìí kí n tó parí rẹ̀. Ó ní ibì kan wà nínú rẹ̀ tí n kò sọ bó ṣe rí gan-an, pé ìkòkò tó fọ́ lọ́jọ́ náà kì í ṣe pé ó jábọ́, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òun... Mo ní mo mọ̀. Ó gbé ìka sókè, ó ń wò mí. Mo ti fi pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀ báyìí, mo ń rẹ́rìn-ín ara mi, mo sì ń gbọ́.